Kòsọ́kọ́: Ìjà Ẹbí Tó Ṣílẹ̀kùn fún Òyìnbó

Bí wọ́n bá dárúkọ Kòsọ́kọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ọdún 1851 ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọba Ọ̀ṣínlókun ti Èkó ló bí i, Ìdéwù Òjúlárí tó jọba lẹ́yìn náà sì jẹ́ arákùnrin rẹ̀. Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ín mọ́. Ọ̀nà ìtẹ́ ìbá là fún un, àmọ́ ó gba obìnrin tí Elétù Òdìbò ti fojú sí, bẹ́ẹ̀ Elétù ni àgbà afọbajẹ. Bí oyè ti ń ṣí sílẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi jẹ: Olúwọlé ní 1837, Akítóyè àbúrò bàbá rẹ̀ ní 1841.

Ẹbí rẹ̀ ló jìyà jù. Wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin rẹ̀ tó lówó lọ́wọ́. Ifá ní kò jẹ̀bi, síbẹ̀ Olúwọlé lé e nílùú. Kòsọ́kọ́ gbógun dìde, ó fìdí rẹmi, ó sá dé Àjùdá. Elétù sì hú òkú ìyá rẹ̀, ó jù ú sínú ọ̀sà. Ta ni yóò gbàgbé irú èyí? Akítóyè pè é padà sílé nítorí pé ẹbí ni wọ́n. Ní 1845 Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí ìtẹ́. Wọ́n fi Elétù sínú àgbá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì jù ú sínú ọ̀sà kan náà.

Akítóyè sá dé Àgbádárìgì, ó ṣèlérí fún Gẹ̀ẹ́sì pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Òótọ́ ni pé Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú, kò sídìí tí a ó fi bò ó mọ́lẹ̀. Ní December 1851, àgbá ìbọn Gẹ̀ẹ́sì dún, Kòsọ́kọ́ sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti sún mọ́ àwa ará etí òkun. Ẹni tó bá ti Abereke tọ etíkun lọ sí ìwọ̀ oòrùn yóò kan Palma àti Lẹ́kí kó tó dé Èkó. Èbúté méjèèjì yìí ni Kòsọ́kọ́ fi ń ṣòwò láti Ẹ̀pẹ́, àdéhùn 1854 sì fún un ní Palma.

Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, ló fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì ní August 6, 1861. Lọ́dún kejì, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà wálé. Ó fi Palma àti Lẹ́kí sílẹ̀ fún wọn ní 1863, wọ́n ń san £400 fún un lọ́dọọdún. Ní 1872 ó kú sí Èkó, kò tún gorí ìtẹ́ mọ́. Eréko ni wọ́n sin ín sí.