Ibi tí Eruku Ọyẹ́ Ti Ṣẹ̀: Hóró Òkúta Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni ọyẹ́ máa ń mú ní Epinmi, Ìkàrẹ́ àti Òkà, ní ilẹ̀ Àkókó. Ètè á máa sán, kùrukùru á bo orí òkè, eruku á sì bà sórí páànù àti ewé kòkó. Afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbé e bọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá orísun irú eruku bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1832, Charles Darwin kó eruku tó bà sórí ọkọ̀ ojú omi Beagle nítòsí erékùṣù Cape Verde. Christian Ehrenberg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, yẹ irú eruku bẹ́ẹ̀ wò, ó sì rí ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń gbé inú omi aláìníyọ̀. Darwin gbé ìròyìn náà jáde ní 1846. Lónìí, sátẹ́láìtì ti fi Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí eruku ti ń tú jù lọ ní Sàhárà. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ ni. Adágún Chad òde òní ni ìyókù rẹ̀. Àárín òkè Tibesti àti Ennedi ni afẹ́fẹ́ ti ń rọ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà mìíràn láti wá orísun eruku ni kíka ọjọ́ orí hóró òkúta tí wọ́n ń pè ní zircon. Nígbà tí zircon bá ń dì nínú òkúta yíyọ́, ó máa ń gba uranium sára, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gba òjé. Uranium náà á wá máa di òjé díẹ̀díẹ̀. Ìdajì irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ń gba nǹkan bíi 4,470 mílíọ̀nù ọdún kó tó yí padà. Bertram Boltwood ní Amẹ́ríkà lo òjé yìí láti ṣírò ọjọ́ orí òkúta ní 1907. Arthur Holmes, ará Gẹ̀ẹ́sì, tún un ṣe ní 1911.

Lónìí, wọ́n á fọ iyẹ̀pẹ̀ kí hóró tó wúwo lè rì, òòfà á fa èyí tó ní irin kúrò, wọ́n á to zircon tó kù, wọ́n á sì dán ojú rẹ̀. Iná lésà á gbẹ́ ihò tíntìntín sára hóró kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì ka uranium àti òjé inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ka ọgọ́rùn-ún hóró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fi ọjọ́ orí wọn wé ti àpáta ibi tí wọ́n fura sí.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀nà yìí ti so èso. Onímọ̀ nípa ilẹ̀, Ferdinand von Richthofen, ti sọ ní 1877 pé afẹ́fẹ́ ló kó iyẹ̀pẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ibẹ̀ jọ. Ní 2013, zircon jẹ́ kí àwọn olùwádìí rí i pé Odò Yẹ́lò ló kọ́kọ́ gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, kí afẹ́fẹ́ tó gbà á.

Àmọ́ ní Àkókó, zircon nìkan kò tó. Òkúta gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí òkè Àkókó wà lára wọn, ní èyí tó tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún àti èyí tó ju 2,000 mílíọ̀nù lọ. Irú ọjọ́ orí kan náà wà ní Sàhárà. Bákan náà, zircon wúwo, ó máa ń já sílẹ̀ ní àríwá, bíi ní agbègbè Zaria, kí eruku lẹ́búlẹ́bú tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ àwọn èròjà bíi strontium àti neodymium inú eruku wò pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, Àkùngbá, máa gba eruku yìí pa mọ́ lọ́dọọdún, kí a lè fi ẹ̀rí ti ara wa mọ ibi tó ti ń wá.