Ṣé Màmá Mi Ń Ṣiṣẹ́?

 

Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe sínú fọ́ọ̀mù kan. Àkàrà àti ògì ni màmá mi ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n máa ń jí lọ lọ ẹ̀wà. Owó àkàrà la fi ra fọ́ọ̀mù yẹn gan-an. Síbẹ̀, ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: "Kò níṣẹ́."

Ẹ má tíì bú mi. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti kọ irú ẹ̀ rí. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ obìnrin ni mo fẹ́ sọ lónìí, ibi tó sì yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni Oloko, lápá ilẹ̀ Igbo, lóṣù kọkànlá ọdún 1929.

Opó kan tó ń jẹ́ Nwanyeruwa ń ṣe epo pupa lọ́wọ́ nílé ẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Emeruwa wọlé tọ̀ ọ́ wá, olóyè Okugo ló rán an. Ó ní kí obìnrin náà ka ewúrẹ́, àgùntàn àti àwọn èèyàn ilé ẹ̀ fún òun. Nwanyeruwa bi í léèrè bóyá wọ́n ti ka ìyá tiẹ̀ náà. Ó nídìí o. Wọ́n ti kọ́kọ́ ka àwọn ọkùnrin, nígbà tó sì di 1928, owó orí dé. Àwọn obìnrin ti mọ ohun tó ń tẹ̀ lé kíkà. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà yẹn ló di ogun àwọn obìnrin, ìbọn ìjọba sì pa obìnrin tó lé ní àádọ́ta.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni pé epo wà lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó wá kà á ò béèrè iṣẹ́, ewúrẹ́ ló béèrè.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Abẹ́òkúta, wọn ò tiẹ̀ fi bò rárá. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, ọkọ ẹ̀ ìbáà san tiẹ̀. Ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í san ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin ní 16. Àwọn obìnrin náà ráhùn pé àwọn agbowó-orí máa ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti fi ara ẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tó ń sanwó. Báwọn kan ṣe ń ka èèyàn nìyẹn! Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà.

Ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí kó àwọn ìyálọ́jà àtàwọn obìnrin tó kàwé pọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò le: ẹ̀ ń gba owó wa, ẹ ò sì fún wa ní àga kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó síwájú ààfin. Ní 1948, owó orí obìnrin dáwọ́ dúró, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀.

Ẹ wò ó, ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí agbowó-orí tó sọ fún aláàdìrẹ pé ìyàwó ilé lásán ni, kó máa lọ. Wọ́n mọ̀ pé ó ń pawó. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní nǹkan ni wọn kì í mọ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ wá fún irú iṣẹ́ màmá mi, "informal", Accra ló ti wá. Keith Hart, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé ní Nima láàárín àwọn Frafra tó wá láti àríwá Gáná. Ó rí i pé àwọn tí ìwé ń pè ní aláìríṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó sọ ọ́ níbi àpérò kan ní Sussex ní 1971. Nígbà tó di ọdún kejì, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tí wọ́n kọ lórí Kenya. Àwọn ìyálọ́jà Dùgbẹ̀ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìgbowó.

Ṣùgbọ́n orúkọ yàtọ̀ sí ìwọ̀n. Ní 1982, àwọn oníṣirò àgbáyé fẹnu kò pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó mówó wọlé fún wákàtí kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, a ti lè kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́. Ní 2013, wọ́n tún un ṣe: obìnrin tó ń dáko kìkì fún jíjẹ ilé ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sí lára àwọn tó "níṣẹ́ lọ́wọ́". Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún ìyẹn. Ní tiwa, iṣẹ́ ni méjèèjì. Èyí tó tún burú ni pé létí ará ìlú ńlá, iṣẹ́ ti di ibi tí wọ́n ti ń sanwó oṣù. Ẹ bi oníṣòwò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, á ní rárá o, òwò lòun ń ṣe. Bí ẹni tó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ ò bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó parí nìyẹn.

Ó wá kan Nàìjíríà. Lójú àjọ NBS tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ò níṣẹ́. Ìyẹn ló gbé ìdá àwọn tí kò níṣẹ́ dé 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2020. Nígbà tó di 2023, wọ́n gba ìwọ̀n wákàtí kan, ni iye náà bá já wálẹ̀ sí 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. Àwọn èèyàn fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí lórí Twitter. Èmi náà wà níbẹ̀.

Inú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìdá 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ informal, pé ti obìnrin sì ga ju ti ọkùnrin lọ. Kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìsinmi ọmọ bíbí. Èyí ló yẹ ká pariwo lé lórí, 4.1 la pariwo lé. Lábẹ́ ìwọ̀n tuntun yìí, màmá mi níṣẹ́ kedere. Bí àìsàn bá dá wọn dúró fún oṣù kan, kò sí ẹni tó máa san kọ́bọ̀.

Kí n tó gba ohùn ètò yìí sílẹ̀, mo pè wọ́n. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?"

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Àkàrà ni mò ń tà. Ìwọ tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ńkọ́, ṣé o ti ríṣẹ́?"