Fífi Ipò Ọ̀gá Fa Òṣìṣẹ́ Ìjọba Sínú Ìpolongo Ìbò ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀sùn pé àwọn tó wà nípò ìjọba ń fi agbára mú òṣìṣẹ́ wọn ṣe òṣèlú kì í ṣe ohun tuntun ní Amẹ́ríkà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ọ̀gá fi agbára tó ní láti gbani síṣẹ́, láti gbéni ga tàbí láti léni kúrò, mú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ dá owó fún ẹgbẹ́, ta tíkẹ́ẹ̀tì àpèjẹ ìpolongo, kiri ojúlé wá ìbò, tàbí dìbò fún ẹni tí ọ̀gá fẹ́. Ó ti lé ní 140 ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ti ń ṣòfin lé e lórí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọ̀gá kì í sábà halẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti ta aṣọ ẹbí fún níbi iṣẹ́ rí yóò mọ bó ṣe máa ń rí: kò sẹ́ni tó fún un lọ́rùn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí kò rà? Nítorí èyí, òfin tó bá dúró de ìgbà tí ọ̀gá bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò lé ènìyàn kò ní rí ẹnì kankan mú. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó gbà pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ni kí àwọn kà léèwọ̀.

Ìgbà tí Andrew Jackson di ààrẹ ní 1829 ni ó di àṣà gbangba pé ẹgbẹ́ tó bá wọlé ló ni iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, iṣẹ́ aṣọ́bodè àti iṣẹ́ akọ̀wé di èrè fún àwọn tó ṣe wàhálà nígbà ìbò. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu nínú owó tí iṣẹ́ náà ń mú wá. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù: ojú tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ fi wo owó iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn nìyẹn. Èbúté New York ló ti gbilẹ̀ jù, níbi tí wọ́n ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ibodè gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ènìyàn Sẹ́nétọ̀ Roscoe Conkling ti ẹgbẹ́ Republican ló di ibẹ̀ mú, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ Chester Arthur sì ni ọ̀gá ibẹ̀ láti 1871. Ní oṣù kẹfà 1877, Ààrẹ Rutherford Hayes pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu owó òṣèlú lé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lórí mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló yọ Arthur.

Ní 1881, Charles Guiteau, tó gbà pé ẹgbẹ́ jẹ òun ní gbèsè ipò, yìnbọn fún Ààrẹ James Garfield. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án, igbákejì rẹ̀ sì di ààrẹ: Chester Arthur yẹn kan náà.

Lábẹ́ Arthur ni Jay Hubbell, aṣòfin láti Michigan tó ń darí ìgbìmọ̀ ìpolongo ẹgbẹ́ Republican, fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù karùn-ún 1882. Lẹ́tà náà tó kéèyàn fara balẹ̀ wò. Kò sí ìhalẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ó ní ìgbìmọ̀ gbà pé inú òṣìṣẹ́ náà yóò dùn láti dá owó, yóò sì kà á sí àǹfààní. Ó sọ iye tí wọ́n retí pé kó má dín sí. Ó pe owó náà ní ọrẹ àtinúwá. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló wá fi kún un pé wọ́n ti fún ìgbìmọ̀ láṣẹ láti sọ pé kò sí ọ̀gá kankan nínú iṣẹ́ ìjọba tí yóò ta ko irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára lẹ́tà náà wà. Akọ̀wé kékeré tó bá kà á ní Washington ti mọ̀ pé àwọn tó ń fọwọ́ sí owó oṣù òun mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún ni wọ́n sábà ń bù fúnni. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, lẹ́tà kejì dé sọ́wọ́ àwọn tí kò fèsì: ó ya ìgbìmọ̀ lẹ́nu pé wọn ò tíì gbúròó wọn, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ tí wọ́n fi gbàgbé.

Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ Newton Curtis, òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra ìjọba ní New York tó gba owó òṣèlú lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí òfin 1876 ti kà léèwọ̀. Curtis ní òmìnira òun ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Adájọ́ Àgbà Morrison Waite kò gbà fún un. Àlàyé rẹ̀ ni pé owó tí òṣìṣẹ́ bá dá nírú ipò bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí kí ojú ọ̀gá má bàa kọrò sí i ló fi dá a, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn ẹgbẹ́. Èrò yìí, ní tèmi, ni gbogbo òfin tó tẹ̀ lé e dúró lé lórí.

Oṣù kìíní 1883 ni Arthur fọwọ́ sí Òfin Pendleton, tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ George Pendleton ti Ohio pè. Òfin náà ní ìdánwò ni kí wọ́n fi máa gba àwọn òṣìṣẹ́ kan, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan béèrè owó òṣèlú lọ́wọ́ òmíràn. Ẹni tí wọ́n ti gba ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ló fọwọ́ sí i, ó sì yẹ ká yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ètò ìdánwò náà kọ́kọ́ kàn, kò sì dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ rárá.

Ìpínlẹ̀ ni àṣà náà wá sá lọ. Ní Indiana, láti 1933, nígbà tí Paul McNutt jẹ́ gómìnà, òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Democratic, débi pé orúkọ tí wọ́n fi ń pe ètò náà kò ju ìdá méjì yẹn lọ. Ní Louisiana, Huey Long, tó di gómìnà ní 1928, ní àpótí tí wọ́n ń kó owó tí wọ́n bá yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sí. Wọ́n yìnbọn pa Long ní 1935, a kò sì rí àpótí náà títí dòní.

Kentucky ló wá dá ariwo sílẹ̀. Ọdún 1938 ni, ebi ìgbà ọ̀dá owó kò tíì tán, iṣẹ́ WPA tí ìjọba Franklin Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1935 ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Sẹ́nétọ̀ Alben Barkley, tí Roosevelt fẹ́, àti Gómìnà Happy Chandler jọ ń du ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democratic. Thomas Stokes, akọ̀ròyìn Scripps-Howard, káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ó sì kọ bí wọ́n ṣe ń lo iṣẹ́ WPA fún Barkley. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Pulitzer fún un ní 1939. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tí Sẹ́nétọ̀ Morris Sheppard ti Texas darí tún wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé ìhà méjèèjì lọ́wọ́ nínú rẹ̀: wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún Barkley, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ fún Chandler. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èyí ló burú jù lójú mi. Ọkùnrin tó ń tún ọ̀nà ṣe kí ọmọ rẹ̀ má bàa sùn lébi, kí ni yóò fi dá ọ̀gá lóhùn tí wọ́n bá ní kó sọ ẹni tí yóò dìbò fún?

Carl Hatch, sẹ́nétọ̀ láti New Mexico, ọmọ ẹgbẹ́ Democratic ni òun náà, síbẹ̀ òun ló gbé òfin tó fi òpin sí i wá, Roosevelt sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1939. Òfin Hatch kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba ra ìbò tàbí dẹ́rù ba olùdìbò, ó sì tún ká òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kò: kò gbọdọ̀ kópa nínú ìṣàkóso ẹgbẹ́ tàbí ìpolongo. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan pariwo pé ẹni tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò ni wọ́n wá dè lọ́wọ́, ariwo wọn sì nídìí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbe òfin náà lẹ́yìn ní 1947 àti ní 1973, ṣùgbọ́n ní 1993 àwọn aṣòfin tú okùn náà díẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè ṣe ìpolongo tí wọ́n bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọn kò tú ni èèwọ̀ tó de ọ̀gá. Ẹni tó bá fipá mú òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe òṣèlú lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura.

Chicago gba ọ̀nà ilé ẹjọ́. Lábẹ́ Richard J. Daley, tó ṣe olórí ìlú náà láti 1955 títí tó fi kú ní 1976, ìbò tí òṣìṣẹ́ bá kó jọ ní àdúgbò rẹ̀ ló ń pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ fún un. Agbẹjọ́rò kan, Michael Shakman, tó ń díje láti lọ síbi àpérò lórí òfin ìpínlẹ̀ Illinois, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1969, pé àwọn tí owó ìlú ń san owó oṣù wọn ni òun ń bá díje. Àdéhùn tó jáde ní 1972 dá lílé òṣìṣẹ́ nítorí òṣèlú dúró, èyí tó tẹ̀ lé e ní 1983 sì kan gbígbà wọn síṣẹ́. Síbẹ̀, ní 2006, ilé ẹjọ́ dá Robert Sorich lẹ́bi. Láti ọ́fíìsì olórí ìlú ló ti ń darí bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó ti ṣe ìpolongo. Ó di 2014 kí ilé ẹjọ́ tó mójú kúrò lára ìjọba ìlú náà.

Láti ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni ẹjọ́ tó fi hàn jù pé ìpalára rẹ̀ kì í mọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ti jáde. Nígbà tí George Ryan ń darí ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ní Illinois, wọ́n ń kó tíkẹ́ẹ̀tì àpèjẹ ìpolongo rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n tà á. Àwọn kan nínú wọn rí owó rẹ̀ nípa gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ńlá tí kò mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ní oṣù kọkànlá 1994, irin kan já lára ọkọ̀ ńlá tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wà nítòsí Milwaukee, iná sọ lára ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ ìyá mẹ́fà sì kú. Ryan di gómìnà ní 1999. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 2006, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà àtààbọ̀. Ó lé ní 70 ènìyàn tí ìwádìí náà kó sẹ́wọ̀n tàbí dá lẹ́bi.

Lóde òní, Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Àkànṣe ní Washington ló ń gba ẹ̀sùn lórí Òfin Hatch. Ní 2017, ó sọ pé ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tẹ òfin náà lójú nígbà ìbò 2016. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà ló fi orúkọ ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́, pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn wọ̀nyí láìsanwó láti lọ ṣe ìpolongo fún àwọn olùdíje tí ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí. Olú ilé iṣẹ́ fi orúkọ náà ṣọwọ́ sí àwọn ọ̀gá kéékèèké. Àwọn yẹn kà á sí àṣẹ, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà lọ, kódà níbi tí iṣẹ́ ti ń já sílẹ̀.

Ibi tí òfin náà kò ti lágbára tó ni òkè. Kò de ààrẹ àti igbákejì rẹ̀. Tí ẹni tí ààrẹ yàn, tí ilé aṣòfin àgbà sì fọwọ́ sí, bá rú u, ọ̀dọ̀ ààrẹ ni ìjábọ̀ ń lọ, òun ni yóò pinnu ìyà. Lurita Doan, ọ̀gá GSA tó ń bójú tó ilé àti ọjà rírà fún ìjọba àpapọ̀, wà nípàdé kan ní oṣù kìíní 2007, níbi tí òṣìṣẹ́ White House kan ti fi àwọn ìbò tí ẹgbẹ́ Republican ń lé han àwọn tí wọ́n yàn síbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé Doan béèrè bí ilé iṣẹ́ náà ṣe lè ran àwọn olùdíje wọn lọ́wọ́. Òun ní òun kò rántí. Ọ́fíìsì náà ní kí Ààrẹ George W. Bush fi ìyà tó le jẹ ẹ́. Ìparí oṣù kẹrin 2008 ló kọ̀wé fipò sílẹ̀, lẹ́yìn tí White House ní kó lọ.