Ṣakabùlà: Ìbọn Àgbélẹ̀túnṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ṣakabùlà ni Yorùbá ń pe ìbọn gígùn tí a ń gba ẹnu kì. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Nàìjíríà àti ní Gánà, Dane gun ni a mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ yìí ni a so mọ́ àwọn oníṣòwò Dẹ́nmáàkì, tí wọ́n fi ilé olódi Christiansborg ní Accra ṣe ibùjókòó títí di 1850, nígbà tí wọ́n tà á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀m ni a ti rọ púpọ̀ nínú àwọn ìbọn náà.

Ẹni tí yóò yìn ín yóò da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, yóò fi ọta tẹ̀ lé e, yóò sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bí ó bá fà á, akọ òkúta ẹ̀gbẹ́ ìbọn yóò sán mọ́ irin, iná yóò ta sí ẹ̀tù, ìbọn yóò sì dún. Ọta rẹ̀ kì í lọ jìnnà. Nínú igbó kìjikìji, níbi tí ọdẹ ti ń pàdé ẹran nítòsí, àbùkù yìí kò tó nǹkan.

Owó pọ́ọ́kú rẹ̀ nìkan kọ́ ni àwọn olùrà wò. Alágbẹ̀dẹ ìletò lè tún un ṣe. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò tilẹ̀ gbajúmọ̀ fún ìbọn rírọ. Nígbà tí ìbọn tí ń lo fìlà bàbà kékeré dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi olókùúta sílẹ̀. Òòtọ́ ni pé òkúta pàápàá ń ti òkè òkun wá, bíi ti Brandon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹyọ òkúta kan a máa ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí fìlà bàbà kan kò ju ìyìn ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ogun bá dí ọ̀nà etíkun, ìbọn tí kò rí fìlà di igi lásán.

Owó pọ́ọ́kú náà ní ewu tirẹ̀. Irin tí kò dára lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ń yìn ín lọ́wọ́. Ní 1813 ni òfin dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí a ti ń fi ẹ̀tù tí ó ju ti ìlò lọ yẹ ọ̀pá ìbọn wò.

Lójú ogun ni àléébù ìbọn yìí ti hàn gbangba. Ní 1874, ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Asante gbé pàdé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Amoaful. Ìbọn Snider, tí a ń gba ìdí kì, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò. Ọta Asante ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn léṣe, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba péréte ni ó pa. Kò pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọ Kumasi, tí wọ́n sì dáná sun ún. Samori Touré wá ọ̀nà mìíràn: àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ń fi ọwọ́ rọ ìbọn agbàdíkì ní àwòkọ ti Faransé, kí àwọn Faransé tó mú un ní 1898.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Ó ka ìbọn ìgbàlódé léèwọ̀ ní apá Áfíríkà tí ó gbòòrò, ṣùgbọ́n ó yọ ìbọn olókùúta tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán sílẹ̀. Báyìí ni ohun tí olùrà ti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ yàn ṣe di ohun tí òfin àwọn aláṣẹ òkèèrè fi sílẹ̀ fún un, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wọn ń gbé èyí tí wọ́n kà léèwọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà fi ìbọn agbẹnukì sí ọ̀wọ́ tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ológun. Ọwọ́ ọdẹ àti àgbẹ̀ ni ó kù sí jùlọ, alágbẹ̀dẹ sì ni olùtọ́jú rẹ̀ títí di òní.