Ogun Inú Garawa

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará Igbó Ẹfọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tóóró tí òkun ń pariwo lápá ọ̀tún rẹ̀, tí ọ̀sà ń dákẹ́ wò ó lápá òsì. Ẹ̀yin ará Ìlasan, ẹ̀yin ará Ìkota, ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà Ajah wá, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ìtàn omi ni mo gbé wá sí àwùjọ yìí: omi tí a ń bù wẹ̀, omi tí a ń bù mu, omi tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣọ̀tá, àti bí omi kan náà ṣe di ọ̀tá fún ẹni tí kò nílé mọ́. Àlọ́ kọ́ ni mò ń pa. Gbogbo rẹ̀ ṣojú ayé.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, ọjọ́ Sátidé, katakata ya wọ Máròkó, àdúgbò kan ní Èkó. Ọjọ́ méje péré ni ìkìlọ̀ ìjọba ológun Raji Rasaki, gómìnà Èkó nígbà náà, fi ṣáájú wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ Máròkó rẹlẹ̀, wọ́n ní omi yóò gbé e mì. Ẹ wo bí àyànmọ́ ti ń fi ẹ̀dá ṣeré: ẹ̀rù omi ni ìjọba fi lé àwọn ará Máròkó, ìyà omi ni wọ́n sì lọ bá níbi tí wọ́n sá dé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ilé wó mọ́ lójú. Ẹni tó jí ní onílé sùn ní aláìnílé, ẹni tó jí ní ọlọ́jà sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Díẹ̀ nínú àwọn onílé rí fúláàtì gbà ní Ìlasan àti Ìkota, níwájú àti lẹ́yìn Igbó Ẹfọ̀n yìí, ilé tí a kò kọ́ parí, tí omi ẹ̀rọ kò yọ níbẹ̀, tí ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà jáde. Ogúnléndé ni à ń pe ẹni tí ogun lé dé. Èmi kò rí ìdí tí a kò fi ní í pe ẹni tí katakata lé bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́rin yí po, ọjọ́ 14 oṣù Keje tún pé, ó di ọdún 1994. Láti ọjọ́ náà sí ọjọ́ 17, àwọn ènìyàn tí iye wọn tó 500,000 sí 800,000 rọ́ jáde láti Rwanda, níbi tí ogun àti ìpakúpa ti ṣẹlẹ̀, bí odò tó ya bèbè, wọ́n wọ àgbègbè Goma, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zaire nígbà náà. Ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ wà nínú wọn, aláìṣẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ ọmú wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àrùn onígbáméjì kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ilẹ̀ tí wọ́n dé kì í ṣe ilẹ̀, òkúta ni, òkúta tí òkè oníná pọ̀ jáde tí ó gan. Wọ́n ta ọkọ́ sí i, ọkọ́ ta padà. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá, ilẹ̀ kọ̀. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ sàréè, ilẹ̀ kọ̀. Ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń pọnmi, adágún Kivu sì tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn, ó mọ́ lójú, ó ń dán, ó ń pè wọ́n.

Onígbáméjì kì í ṣàárẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń da omi ara ènìyàn nù bí ẹni da akèrègbè nù; ẹni tó ń rìn láàárọ̀ lè di òkú kí oòrùn tó wọ̀. Bí ó ti ń rọlẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn gba ipò rẹ̀. Láàárín oṣù kan, nǹkan bí 50,000 ènìyàn kú, nínú 100 òkú ó sì lé ní 85 tí ìgbẹ́ gbuuru pa. Wọ́n sá fún ìbọn lẹ́yìn odi, garawa omi pa wọ́n nínú àgọ́.

Kí ni ó dá ikú náà dúró? Ẹ̀rọ tó fa omi adágún, tánkà tó gbé e, kílórínì tí wọ́n dà sí i, àti omi, iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n pò fún aláìsàn mu. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀! Ní ọdún 1997, àwọn aṣèrànwọ́ tí ojú wọn rí Goma àti irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlànà tí wọ́n pè ní Sphere: ó kéré tán, lítà omi 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́; ènìyàn 250 sí ẹnu ẹ̀rọ kan; ènìyàn 20 sí ṣáláńgá kan; kí ibi omi má jìnnà ju mítà 500 lọ; kí ṣáláńgá sì fi mítà 30 jìnnà sí omi abẹ́ ilẹ̀ tí a ń pọn. Mo fẹ́ràn òǹkà wọ̀nyí ju oríkì ọba lọ, nítorí òkú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Lọ́dún 2017 ni onígbáméjì wọ àgọ́ Muna Garage ní Maiduguri, àgọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí Boko Haram lé kúrò nílé. Ó lé ní 5,000 ènìyàn tó ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ Borno. Wọ́n fi kílórínì tọ́jú omi, wọ́n fún àwọn ènìyàn ní àjẹsára onígbáméjì ní oṣù Kẹsàn-án, 61 ni ó kú. Ogun méjèèjì kò dọ́gba, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wo 61, kí ẹ wo 50,000.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iyanrìn wa. Mítà 30 jẹ́ nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Púlọ́ọ̀tì wa ní Èkó sábà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí o bá gbẹ́ kànga rẹ sí ìpẹ̀kun kan, tí o gbẹ́ sókáwéè rẹ sí ìpẹ̀kun kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ṣùgbọ́n níbo ni sókáwéè aládùúgbò rẹ wà? Lẹ́yìn ògiri, nídìí kànga rẹ! Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà sójú ilẹ̀ nínú iyanrìn, kò sì mọ ògiri, kò mọ géètì. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ mú tépù dání lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kí ẹ jọ wọn bí kànga ṣe jìnnà sí sókáwéè tó. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má ṣe tìtorí pé omi kànga mọ́ lójú mu ún: ẹ sè é kó hó, tàbí kí ẹ fi kílórínì sí i bí wọ́n ti kọ ọ́ sára ike rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó bù ú fún ọmọ.