Orúkọ Tí A Lè Pè Láti Orí Igi

Ní Ìlú Bìní, bí àkọ́rọ̀ òjò bá fẹ́ dé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀ka máńgòrò ti ya lulẹ̀ ní Ugbowo, igi fúrúùtù ti dùbúlẹ̀ sórí òrùlé onílé kan lójú ọ̀nà Sapele, gmelina ti fara ti wáyà iná ní GRA. Iṣẹ́ wá dé fún àwọn tó ń fi okùn gun igi lọ gé e. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ là á kọ́kọ́ gbé. Òwe ni lẹ́nu tiwọn, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ni fún ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tó bá sáré gé lè jẹ́ òun gan-an ló gbé ti òkè ró.

Lábẹ́ igi kan ṣoṣo ní Bìní, wàá gbọ́ Ẹ̀dó, wàá gbọ́ Pidgin, wàá gbọ́ Yorùbá. Ìwé ìlò tó bá ẹ̀rọ wá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ṣẹ́ ń fi ojú kọ́ ọ ju bó ṣe ń fi etí kọ́ ọ lọ, nítorí ìdajì ohun èlò tó wà nínú àpò iṣẹ́ kò ní orúkọ lẹ́nu rẹ̀. "Fún mi ní nǹkan yẹn," ni ọ̀gá á wí. "Èwo?" "Nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan yẹn." Lórí ilẹ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Ní òkè máńgòrò tó ga ju ilé alájà méjì lọ, tí ẹ́ńjìnnì ń hó, "nǹkan yẹn" lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí nílò orúkọ ní èdè wa, àti pé orúkọ tí a bá fún ohun èlò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pè láti òkè, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ títí dòní. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé orí igi ni àwọn onímọ̀ èdè ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọn tó dára jù. Àfòmọ́ tí gbogbo olóko kòkó mọ̀, èyí tí kò ní gbòǹgbò tirẹ̀ àfi kó lẹ̀ mọ́ igi onígi, òun ni wọ́n fi sọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kíláàsì lè gùn bó ṣe fẹ́, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, ó sì ní bíírò lọ́wọ́. Ẹni tó rọ̀ sórí okùn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orúkọ iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní iṣẹ́ abẹ igi, àwọn kan nínú wa sì ti ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń sọ pé "oníṣẹ́ abẹ igi" tàbí "dókítà igi". N kò fara mọ́ ọn, ìtàn orúkọ náà ló sì fà á. John Davey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Ohio ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1901 tó pè ní The Tree Doctor. Láyé rẹ̀, bí igi bá ní ihò, wọn a gbẹ́ ihò náà mọ́, wọn a sì rọ sìmẹ́ǹtì dí i bí ẹni ń dí eyín tó jù. Nígbà tó yá, Alex Shigo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé iṣẹ́ igbó ìjọba Amẹ́ríkà, fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ní òòró láti wo inú wọn. Ohun tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ síwèé ní 1977 yí iṣẹ́ náà padà: ojú ọgbẹ́ igi kì í san. Ẹran ara wa a máa hù padà, igi kì í hu ohun tó ti jẹrà padà. Ńṣe ló ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká, tó sì ń dàgbà kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá rọ sìmẹ́ǹtì sínú ihò, tàbí tó gbẹ́ ihò náà jìn, odi yẹn gan-an ló ń wó.

Odi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ní láti ṣàlàyé fún ará Bìní, ìlú tí yàrà àti odi rẹ̀, tí àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Iya, ṣì wà lójú títí di ìsinsìnyí. Nítorí náà, "mọdi" ni mo fẹ́ ká máa sọ fún ohun tí igi ń ṣe sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. "Igi yìí ti mọdi." Ó kúrú, ó sì jẹ́ òótọ́. Orúkọ oníṣẹ́ náà wá di "atọ́jú-igi". "Agégi" kò tó, nítorí gígé lulẹ̀ nìkan ló ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú igi kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Igi ni wọ́n fi ń rántí Emotan, obìnrin ọlọ́jà tó dúró ti Ọba Ewuare, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba ní 1954.

Ohun tó jẹ́ ìyanu fún mi jù nínú gbogbo ohun èlò yìí ni pé èyí tó ṣe pàtàkì jù ti ní orúkọ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Nínú àwòrán inú ìwé ìlò, okùn kúkurú kan wà tí agungi ń yí mọ́ ìtì igi, tó ń fi orí rẹ̀ méjèèjì kọ́ ìbàdí ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà mìíràn wọn a fi irin sínú rẹ̀ kí ayùn má baà já a. Ó fẹ̀yìn tì í, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo fún iṣẹ́. Igbà mà ni! Gbogbo akọ̀pẹ àti gbogbo adẹ́mu láti Ìkálẹ̀ dé Ọ̀yọ́ mọ igbà. Ní ìtòsí Bìní níhìn-ín, ní ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí à ń pè ní NIFOR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, iṣẹ́ ọ̀pẹ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi àpólà ọlọ́rọ̀ mẹ́rin túmọ̀ okùn yẹn, kí ó lọ dúró nídìí ọ̀pẹ ní àárọ̀ kan.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o, ọmọ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pẹ kò lẹ́ka. Akọ̀pẹ lè fi igbà kan ṣoṣo gùn ún dé orí kó má tú u. Máńgòrò lẹ́ka, bí agungi bá sì dé ìdí ẹ̀ka, ó di dandan kó tú igbà kó tó lè ré kọjá. Ní ìṣẹ́jú yẹn, kí ni yóò dì í mú? Ìdí nìyẹn tí okùn kejì fi wà, èyí tó gùn, tí wọ́n ti ta gba ìkóríta ẹ̀ka ńlá kan lókè. "Okùn ìgùn" ni mo pè é. Òfin iṣẹ́ sì ni pé bí ayùn bá ti wọ ọwọ́, okùn ìgùn àti igbà gbọ́dọ̀ jọ di ènìyàn mú, kí ọ̀kan lè gbà á bí ayùn bá já èkejì.

Lára okùn ìgùn ni kókó kan wà tó ń fún mọ́ okùn bí a bá gbé ìwọ̀n lé e, tó sì ń yọ̀ bí a bá fọwọ́ tì í. Karl Prusik, agunkè ọmọ Austria, ló gbé irú rẹ̀ kan jáde ní 1931, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é káàkiri ayé. Lédè wa, "kókó adìmọ́" bá a mu. Ohun tí agungi ń wọ̀ sí ìdí àti itan, mo rò ó títí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní gàárì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ẹṣin ni à ń dì ní gàárì. Ọ̀já ni mo yàn, nítorí bí ọ̀já ṣe gbá ìdí ọmọ mú lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni èyí náà ṣe gbá agungi mú. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, kẹ́sẹ́ ni. A ti ń sọ pé "gún un ní kẹ́sẹ́" tipẹ́. Igi tí a fẹ́ gé kúrò pátápátá nìkan ni à ń gún ní kẹ́sẹ́, torí ihò kọ̀ọ̀kan tó bá dá sára igi tó wà láàyè jẹ́ ọ̀nà fún olú àti kòkòrò. Akoto ti wà. Ìkọ́ ti wà. Èyí tó ní ìtìpa, "ìkọ́ onítìpa".

Ọ̀rọ̀ ayùn le jù. Ohun tí ń gé níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n onírin tó ń yí, ẹni tó bá sì fẹ́ túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á sọ pé "ayùn ẹlẹ́wọ̀n". Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá ẹlẹ́wọ̀n tó ni ayùn! Àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ti yanjú rẹ̀ fún wa: ṣéènì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀wọ̀n yẹn. "Ayùn oníṣéènì" nínú ìwé, "ẹ́ńjìnnì" lẹ́nu iṣẹ́. Ní Jámánì, níbi tí Andreas Stihl ti dá ilé iṣẹ́ ayùn oníṣéènì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1926, àwọn ènìyàn a máa pe irin gbọọrọ tí ṣéènì ń sáré yí ká ní idà. Bí a bá pe tiwa náà ní idà, a kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú ló rí i bẹ́ẹ̀. Ayùn ti ní eyín tẹ́lẹ̀. Ìró tó ń dún nígbà tí a bá fi fáìlì roboto pọ́n eyín náà ni ọmọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ni wọn ó gbé e fún ní àràárọ̀.

Ewu tó ga jù lára ẹ̀rọ yìí wà ní apá òkè ṣóńṣó idà. Bí ibẹ̀ bá fi kan igi, ẹ̀rọ náà á ta sókè, á sì padà sí ojú ẹni tó dì í mú, kó tó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí à ń lò fún ẹṣin ló tọ́ sí i: ẹ́ńjìnnì ń tapá. "Ṣọ́ra, yóò tapá!" Kò sí ẹni tí kò ní fà sẹ́yìn. Ìtapá yìí ni bíréèkì ṣéènì wà fún. Ṣòkòtò iṣẹ́ ní tirẹ̀ ní fọ́nrán òwú gígùn nínú. Bí ṣéènì bá fi kàn án, òwú náà á ya jáde, á wé mọ́ ibi tí ṣéènì ti ń yí, á sì dá a dúró kó tó dé ẹran itan. "Ṣòkòtò adáyùndúró" gùn díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ la ti ń wọ ṣòkòtò.

Níbi ọ̀rọ̀ ìṣe, èdè wa lọ́rọ̀ ju èyí tí ìwé ìlò ń béèrè lọ. À ń la ìtì gẹdú. À ń kọ ọ̀pẹ. À ń rẹ́ ọwọ́ igi. Ohun búburú tí àwọn ènìyàn máa ń ní ká ṣe sí igi iwájú ilé wọn, pé kí a gé gbogbo orí rẹ̀ kúrò kó lè kúrú, bíbẹ́ lórí ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí a bá ń rẹ́ ẹ̀ka ńlá, ìgé mẹ́ta ni. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ ti abẹ́ gé e wọlé díẹ̀, ní bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìtì. Lẹ́yìn náà á sún síta díẹ̀ sí i, á ti òkè gé e, ẹ̀ka á sì já bọ́ láìya èèpo igi lọ sísàlẹ̀. Ìgé kẹta ni yóò mú kùkùté tó kù kúrò, lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ka, ibi tó wú díẹ̀ tí ẹ̀ka ti pàdé ìtì. Ọrùn yẹn ni igi ti ń mọdi. Ẹni tó bá gé e mọ́ ọn ti ba odi jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìgé abẹ́, ìgé òkè, ìgé ọrùn: mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lè kà á bí ẹni ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀.

Ó wá ku igbe. Ẹni tó fẹ́ ju ẹ̀ka sílẹ̀ á ké pé "Ẹ yàgò!", kò sì ní gé e títí ọmọ ìdí-igi á fi dáhùn pé "Ọ̀nà mọ́!" Èyí rọrùn. Ti okùn ni kò rọrùn. Nígbà tí wọ́n bá so ẹ̀ka mọ́ okùn láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni "Dẹ̀ ẹ́!" Ṣùgbọ́n ẹ pè é, kí ẹ sì pe "Dè é!" tẹ̀ lé e, kí ẹ́ńjìnnì máa hó, kí atẹ́gùn máa fẹ́. Ọ̀kan ní kí a tú okùn lára díẹ̀, èkejì ní kí a so ó pa, fáwẹ́lì kan ṣoṣo ló sì yà wọ́n. Bí ẹ̀ka tó wúwo bá rọ̀ sórí okùn nígbà tí ẹnìkan gbọ́ òdìkejì, ẹni orí igi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, mo yọ méjèèjì kúrò. "Sọ̀!" fún sísọ̀kalẹ̀, "Dúró!" fún dídádúró, "Fà!" fún fífà. N kò fi "Tú!" sí i rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ ní àṣìgbọ́, kó sì jọ̀wọ́ okùn.

Ní Bìní, ẹni tó di okùn mú nísàlẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó tí kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ. Ìgbà náà ni ọ̀gá á kó gbogbo wọn jọ sídìí igi kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọ̀já, tí wọn á pe igbe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ẹni orí igi sókè, tí ẹni ìsàlẹ̀ á fi ọwọ́ ṣe ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wí. Bó bá jẹ́ "Hold am!" ló yé e ju "Dúró!" lọ, "Hold am!" ni wọn ó lò lórí igi náà lọ́jọ́ yẹn.