Táyà Tí Atẹ́gùn Rẹ̀ Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Inú Ìjàm̀bá Bàálù Ọdún 1991

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìtàn bàálù kan jẹ́rìí sí òwe yìí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, bàálù DC-8 kan gbéra ní Jeddah, ní Saudi Arabia. Ó ń kó àwọn tó lọ ṣe Hájì padà sí Sókótó. Nigeria Airways, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà wa níbí nígbà náà, ló ni ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Nationair ti Kánádà ló ni bàálù àti àwọn awakọ̀ rẹ̀.

Ìwádìí fi hàn pé kí wọ́n tó gbéra, àwọn mẹkáníìkì ti mọ̀ pé atẹ́gùn táyà kò tó. Gáàsì tí wọn ìbá fi kún un kò sí nítòsí, alábòójútó kò sì fẹ́ kí bàálù pẹ́. Wọ́n gbéra bẹ́ẹ̀.

Bí bàálù ṣe ń sáré, táyà tí kò le ti ẹrù tirẹ̀ sórí èkejì. Èkejì gbóná, ó bẹ́, òun náà sì bẹ́ tẹ̀lé e. Irin táyà ń ha ilẹ̀, iná sọ. Àwọn awakọ̀ gbọ́ ariwo, wọ́n ń bi ara wọn bóyá táyà ló jò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé iná ń jó nísàlẹ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù sókè bí ìṣe wọn. Iná bá a wọlé. Wọ́n ṣẹ́rí padà, ṣùgbọ́n bàálù já nígbà tó ku nǹkan bíi kìlómítà 3. Gbogbo ènìyàn 261 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Bí ẹsẹ̀ bàálù bá kọ̀ tí kò jáde, awakọ̀ ní ọgbọ́n tó lè ta. Yóò tẹ̀lé ìwé ìlànà, yóò gbìyànjú ọ̀nà mìíràn láti sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, yóò sì lè fò kọjá níwájú ilé ìṣọ́ kí wọ́n bá a wò ó. Bó bá mọ̀ pé iná wà lára táyà, kò ní ká ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò sọ fún un nílẹ̀, báwo ni yóò ṣe tún un ṣe lókè?

Àdúgbò wa mọ táyà. Dunlop ti ṣe é rí ní Ìkẹjà, kò sì sí fọganáísà kan ní Agége tí yóò ní kí ọkọ̀ akẹ́rù máa lọ pẹ̀lú táyà tó rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àléébù, kó sọ. Ọ̀gá tó bá gbọ́, kó dúró. Bàálù tó pẹ́ ṣì lè dé. Èyí tó já kò lè dé mọ́.